Ọ̀gá Tí Kò Fẹ́ Kí Wọ́n Dá Ohùn Òun Dúró

Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró rí títí ẹsẹ̀ yín fi kú, tí ẹ ń retí ẹni tó di máíkì mú, tó ti sọ pé "kí n tó jókòó" lẹ́ẹ̀mẹrin, tí kò sì jókòó, ẹ sún mọ́ mi. Nítorí yín ni mo ṣe la ẹnu. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń di máíkì ọ̀hún mú, ẹ̀yin náà ẹ wá, ààyè wà lẹ́yìn.

Iléeṣẹ́ omi kan wà tó ní ọ̀gá àgbà kan. Orúkọ tí ọ̀gá yìí fún ara rẹ̀ ni Ohùn Omi. Orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ fún un, tí wọ́n ń pè é nígbà tí ilẹ̀kùn bá ti tì, ni Ọ̀rọ̀-ò-tán. Iṣẹ́ iléeṣẹ́ náà kò ju pé kí omi máa yọ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀, nítorí omi kò pọ̀ tó láti yọ níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀gá, omi kàn wà níbẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ gan-an niṣẹ́. Sípíkà mẹ́rìnlá ni wọ́n kàn mọ́ ògiri iléeṣẹ́ náà, ọ̀kan wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá. Òfin ibẹ̀ ni pé bí ohùn ọ̀gá bá ti jáde, kí òṣìṣẹ́ gbogbo dìde dúró, kí wọ́n na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n má fọwọ́ kan ohunkóhun títí ohùn náà yóò fi dákẹ́. Ẹni tó bá wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lákòókò yẹn ńkọ́? Ẹ má bi mí. Òfin kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Nínú iléeṣẹ́ yìí ni ọ̀dọ́bìnrin kan ti ń ṣiṣẹ́ tí gbogbo wọn ń pè ní Aláàpù, nítorí òun ló ń kọ àwọn áàpù tí iléeṣẹ́ ń lò lórí fóònù. Yàrá rẹ̀ wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀: tábìlì kan, fáànù kan tó ń kérora, àti fóònù ògbólógbòó mẹ́fà tó tò kalẹ̀ láti máa fi dán iṣẹ́ wò. Aláàpù ní ìyá kan tí kò mọ̀wé kà. Orí òkè ni ìyá náà ń gbé, ní àdúgbò àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ̀rọ omi tí gbogbo wọn jọ ń lò sì wà nísàlẹ̀. Iléeṣẹ́ máa ń lẹ ìwé mọ́ ògiri láti sọ ọjọ́ àti aago tí omi yóò yọ, ṣùgbọ́n ìwé ò bá ìyá yìí sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ojoojúmọ́ ló ń gbé korobá sọ̀ kalẹ̀, orókún ń dùn ún, kó lè lọ wò ó bóyá omi wà. Ọjọ́ márùn-ún nínú méje, kò sí. Á tún gbé korobá òfìfo gun òkè padà.

"Ẹ̀rọ omi yẹn á ti máa rò pé àna òun ni mí," ló sọ fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ kí i. Kò tíì fún mi ní ìyàwó."

Ọ̀rọ̀ náà pa Aláàpù lẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó dùn ún dé egungun. Ó padà síbi iṣẹ́, ó kọ áàpù kan. Bí o bá ṣí i, àwòrán ẹ̀rọ omi gbàǹgbà kan ni wàá rí. Bí o bá fọwọ́ kàn án, ohùn kan á sọ ìgbà tí omi yóò yọ ní àdúgbò rẹ. Ìṣẹ́jú àáyá méjìlá ni, ó parí. Nísàlẹ̀ àwòrán náà ni bọ́tìnnì kékeré kan wà tó ní ìlà méjì, tí èèyàn lè fi dá ohùn náà dúró. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kọ ọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí oríṣi fóònù méjèèjì tó wà láyé, èyí tí àwọn olówó ń rà àti èyí tí àwa yòókù ń rà. Ó gbé e sórí fóònù ìyá rẹ̀ kó dán an wò.

"Ta ni yẹn tó ń sọ̀rọ̀ bí ìwọ?" ni ìyá bi í.

"Èmi ni mà."

"Ó dáa. Ó ṣe ṣókí. O ò jọ bàbá ẹ níbẹ̀ yẹn."

Ọjọ́ tí Aláàpù gbé iṣẹ́ náà lọ han ọ̀gá, wákàtí kan ló fi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí ọ̀gá ń bá dígí sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà. Bí ọ̀gá bá sín, Bẹ́ẹ̀ni-Sà ni yóò nu imú.

"Wọlé," ni ọ̀gá wí nígbẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n má pẹ́. Àkókò mi kì í ṣe tèmi, ti ìran tó ń bọ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ni sà! Ìran tó ń bọ̀ ló ni ín!"

Aláàpù gbé fóònù méjì sórí tábìlì, ó fọwọ́ kan àwòrán náà. Ohùn jáde: "Àdúgbò àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà. Lọ́la, omi yóò yọ láti aago méje sí aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ gbé korobá yín jáde." Ó dákẹ́. Ọ̀gá ṣì ń wo fóònù, ó ń dúró.

"Ó ti parí, sà."

"Ó ti parí?" Ó yíjú sí akọ̀wé rẹ̀, akọ̀wé náà sì mi orí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. "Èmi dà?"

"Sà?"

"Mo ní nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ yìí, èmi dà? Mo gbọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Mo gbọ́ korobá. Korobá wà níbẹ̀, èmi ò sí níbẹ̀!"

"Àánú ìlú yìí ń ṣe mí," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí.

Ọ̀gá dìde, ó rìn lọ sí ojú fèrèsé. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló mọ̀ pé bó bá ti dé ojú fèrèsé, kí èèyàn wá ibi fara tì. "Ọmọ yìí, jẹ́ kí n là ọ́ lóye. Odi ni omi. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ayé ló ti ń wá ẹni tí yóò bá òun sọ̀rọ̀, kò rí. Ọ̀gá mẹ́fà ló jókòó lórí àga yìí ṣáájú mi, omi wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀, ó mi orí. Ìgbà tí mo dé, omi kígbe, ó ní, 'Háà! Ìwọ gan-an ni!'"

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí. "Ojú mi ló ṣe."

(Omi kan náà tí ó pè ní odi ló kígbe yẹn o. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.)

Ọ̀gá wá pàṣẹ pé kí ọ̀rọ̀ ìkíni òun kọ́kọ́ jáde kí wọ́n tó dárúkọ omi rárá. Ṣókí ni, ó ní. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré. Ibi tó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ojú rẹ̀ ti kan bọ́tìnnì kékeré yẹn.

"Kí ni ìlà méjì yìí?"

"Bọ́tìnnì ìdádúró ni, sà. Bí ẹni tó ń gbọ́ ọ bá fẹ́ kí ohùn náà dúró díẹ̀…"

Bẹ́ẹ̀ni-Sà di ojú. Yàrá náà dákẹ́ débi pé wọ́n ń gbọ́ fáànù Aláàpù láti ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kí ohùn ta ni dúró?" ni ọ̀gá bi í jẹ́jẹ́.

"Tiyín, sà."

"Ìyẹn ni pé ẹnì kan, nínú yàrá rẹ̀, bóyá pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé nìkan nídìí, yóò na ìka kan ṣoṣo, yóò sì dá èmi dúró lẹ́nu ọ̀rọ̀?"

"Ó lè jẹ́ pé ọmọ ń ké, sà, tàbí…"

"Yọ ọ́."

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá ti di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ohùn orí fóònù. Wọ́n sọ fún un pé fóònù àwọn olówó ní nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ kó má baà dún. Ó ní kí ohùn òun máa dún síbẹ̀, ṣé olówó ló bí òun ni? Wọ́n ní bí èèyàn bá pa áàpù dé, ohùn inú rẹ̀ á dákẹ́. Ó ní ẹni bá pa á dé ni kó dákẹ́. Aláàpù ní, "Bí ìpè bá wọlé ńkọ́, sà? Ó yẹ kí ohùn náà dúró kí wọ́n ráyè gbé ìpè. Ó lè jẹ́ pàjáwìrì." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Kò sí pàjáwìrì tó jù mí lọ. Bí ìpè bá ń dún, kí èmi náà máa dún." Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ti parí, kó tún padà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tó dùn kì í sú ni.

Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Aláàpù gbìyànjú. Ó bẹ̀bẹ̀, ó kọ lẹ́tà, ó ya àwòrán. Gbogbo èsì tó rí gbà ni pé kó tún sípíkà yàrá rẹ̀ ṣe, pé kò dún dáadáa. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ṣùgbọ́n kò pa áàpù àkọ́kọ́ yẹn rẹ́. Ó fi sílẹ̀ lórí ọ̀kan nínú fóònù ògbólógbòó mẹ́fà rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń fi oúnjẹ pamọ́ de àlejò tí kò dá lójú.

Ọ̀gá ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n gbé oyin wá, wọ́n gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá. Ó ní kí Bẹ́ẹ̀ni-Sà jókòó níwájú òun kó máa sunkún, kí ohùn òun lè ní àánú nínú. Bẹ́ẹ̀ni-Sà sunkún títí omi ojú rẹ̀ fi gbẹ, wọ́n sì ní kó lọ gé àlùbọ́sà.

Ibi tí áàpù àkọ́kọ́ wà lórí fóònù ìyá Aláàpù ni èyí tuntun gbà. Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá náà pe ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń sáré.

"Ọmọ mi, ta ni ọkùnrin tó wà nínú fóònù mi?"

"Ọ̀gá wa ni, mà."

"Kí ni mo fi ṣe é?" Ìyá mí kanlẹ̀. "Mo fọwọ́ kan àwòrán ẹ̀rọ omi bí o ṣe kọ́ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi. Mo ní kò burú, ọmọlúàbí ni. Ó kí mi tán, ó wá ń kí ara rẹ̀. Mo fọ abọ́, mo gbálẹ̀, ó ṣì ń sọ bí wọ́n ṣe bí i. Ìgbà tí ilẹ̀kùn kàn, mo lọ ṣí i, mo padà dé, ọ̀rọ̀ ti padà síbi ìkíni! Mo pa á dé, ó ń lọ. Mo fi ìrọ̀rí bò ó, ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí bí ẹni tí wọ́n jí gbé. Ìgbà tí bátìrì kú ni mo tó simi."

"Ẹ ò wá gbọ́ aago tí omi máa yọ?"

"Níbo ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ? Mo gbé korobá mi, mo sọ̀ kalẹ̀. Kò sí omi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fóònù síná báyìí ni, ìdí tí mo fi tètè pè ẹ́ nìyẹn kí ọ̀gbẹ́ni yẹn tó jí."

Ojú ti Aláàpù. Ọ̀gá kọ́ ló kọ áàpù náà. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ bọ́tìnnì yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, ó sọ ohun tí ojú ìyá rẹ̀ rí, kò fi ọ̀kan pamọ́, kódà ó dárúkọ ìrọ̀rí.

Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, omi lé ròrò sí i lójú. "O ṣeun," ni ó wí. "O ṣeun gan-an. Ìyá àgbàlagbà, ó ń gbọ́ mi títí bátìrì fi kú! Ó tún gbé mi sábẹ́ ìrọ̀rí! Bẹ́ẹ̀ni-Sà, ṣé o gbọ́ ìfẹ́?"

"Mo gbọ́ ọ, sà. Ìyàwó mi kò ṣe irú ẹ̀ fún mi rí."

Lẹ́sẹ̀ kan náà ni ọ̀gá pa àṣẹ tuntun. Kí gbogbo òṣìṣẹ́ gbé áàpù náà sórí fóònù wọn. Òfin ìdìdedúró yóò kan fóònù bó ṣe kan sípíkà: níbikíbi tí ohùn ọ̀gá bá ti ń dún, ìbáà ṣe nínú àpò, kí òṣìṣẹ́ dúró gbọnrangandan, kó má fọwọ́ kan ohunkóhun. Lọ́jọ́ tí wọn yóò ṣí áàpù náà fún gbogbo ìlú, ní aago mẹ́wàá gééré, gbogbo fóònù ni yóò sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ ìṣíde yìí kì í ṣe ọjọ́ lásán lójú rẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ tó wà lórí gbogbo iléeṣẹ́ ìlú ń bọ̀, ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Alága, obìnrin tó máa ń ka ọ̀rọ̀ kó tó ná an. Ìròyìn ti kàn pé lẹ́tà kan wà nínú báàgì rẹ̀ tí yóò fi ọ̀gá wa jẹ olórí gbogbo àwọn ọ̀gá. Ọ̀gá ti gbẹ́ òǹtẹ̀ tuntun dè é.

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, àgbàlá iléeṣẹ́ ti kún. Wọ́n ti so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ẹ̀rọ omi kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì síwájú àga àwọn àlejò. Ètò rẹ̀ rọrùn: bí aago bá lu mẹ́wàá, Bàbá Onípáìpù, tó wà nínú ilé ẹ̀rọ lẹ́yìn àgbàlá, yóò yí irin róbótó ńlá tí ń ṣí omi, fóònù gbogbo yóò sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, Màmá Alága yóò sì ṣí ẹ̀rọ, omi yóò tú yàà.

Aago lu. Aláàpù, tó jókòó nídìí tábìlì kan, tẹ ohun tó yẹ kó tẹ̀. Ọgọ́ta fóònù la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà nínú àpò, nínú báàgì, lórí itan. Ṣùgbọ́n fóònù ò yára bákan náà. Ibi tí ti àwọn olówó ti ń sọ pé "Èmi, Ohùn Omi," ti àwa yòókù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé "Èmi, èmi," ti Bẹ́ẹ̀ni-Sà sì wà lẹ́yìn gbogbo wọn bí àmín. Gbogbo òṣìṣẹ́ dìde gbọnrangandan. Àwọn àlejò wò wọ́n, àwọn náà dìde, wọ́n rò pé wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ẹnì kan ni. Ọ̀gá nìkan ló ń rìn kiri, ó ń mi orí sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ibi tó bá ti dùn jù á ní, "Hùn-ún."

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá pé. Ọ̀gá mú Màmá Alága lọ́wọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ìyá náà gé rìbọ́ọ̀nù, ó ṣí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà sín lẹ́ẹ̀kan, ó tú afẹ́fẹ́ jáde, ó dákẹ́. Lẹ́yìn wọn, ọgọ́ta fóònù tún bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin ènìyàn mi…"

"Omi dà?" ni Màmá Alága bi í.

"Ó ń bọ̀, mà. Omi máa ń tijú níwájú àwọn ẹni ńlá." Ọ̀gá yíjú pẹ̀lú ẹ̀rín tó ti ń gbẹ. "Bẹ́ẹ̀ni-Sà! Pe Bàbá Onípáìpù!"

Bẹ́ẹ̀ni-Sà kò mira. Òógùn ń kán sí i lójú, kò nù ún. Ohùn ọ̀gá ń dún nínú àpò rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọ̀gá já fóònù náà gbà, ó pe bàbá fúnra rẹ̀. Ìpè náà dún, ó dún, kò sẹ́ni tó gbé e.

"Ẹnì kan kó sáré lọ bá a!" ni ọ̀gá kígbe.

Bí ohùn rẹ̀ ṣe ròkè, bẹ́ẹ̀ làwọn òṣìṣẹ́ túbọ̀ nà gbọnrangandan.

"Mo ní ẹ jókòó! Ẹ má dúró mọ́! Ẹ lọ!"

Ṣé ìyẹn náà kì í ṣe ohùn ọ̀gá? Wọ́n dúró. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ́ wọn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Màmá Alága wo àwọn ènìyàn tó dúró bí òpó wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, "Ibo ni wọ́n ti ń ṣí omi yìí?"

Aláàpù mọ̀ pé bí òun bá gbé ẹsẹ̀, iṣẹ́ òun lè lọ lónìí. Ó rántí ìyá rẹ̀ lórí òkè yẹn pẹ̀lú korobá òfìfo, inú sì bí i sí ọ̀gá, ó bí i sí ara rẹ̀. Ó kó fóònù rẹ̀ lórí tábìlì, ó gbé ẹsẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ, mà."

Nínú ilé ẹ̀rọ, wọ́n bá Bàbá Onípáìpù tó dúró gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ńlá náà, ọwọ́ ní ẹ̀gbẹ́. Fóònù rẹ̀ wà lórí àpótí níwájú rẹ̀, ó ń sọ ìtàn ìgbà èwe ọ̀gá.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Màmá Alága wí. "Ẹ ò ṣí omi?"

"Màmá, ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni. Bí mo ṣe na ọwọ́ sí irin báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mo rí i tí akọ̀wé ń pè mí, orúkọ rẹ̀ ń tàn níbẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ má bínú. Oṣù méjì péré ló kù kí n fẹ̀yìn tì, mi ò lè fi ẹsẹ̀ kọ báyìí."

"Ìgbà wo ni yóò parí ọ̀rọ̀ náà?"

"Háà, Màmá. Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi náà ti ń bi ara mi."

Màmá Alága gbé fóònù náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ta ló kọ nǹkan yìí?"

"Èmi ni, mà," ni Aláàpù dáhùn.

"Kí ló dé tí kò níbi tí wọ́n ti ń dá a dúró?"

"Ó ní in tẹ́lẹ̀, mà. Wọ́n ní kí n yọ ọ́. Èmi náà sì yọ ọ́."

Ìyá àgbàlagbà náà wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ fóònù mọ́lẹ̀ títí iná rẹ̀ fi kú. Ilé ẹ̀rọ náà pa rọ́rọ́. Bàbá Onípáìpù tú èémí tó ti ń dì sínú láti aago mẹ́wàá, ó di irin náà mú, ó yí i.

Mi ò gbàgbé ọ̀gá o. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí wà lẹ́yìn, ó wà nídìí ẹ̀rọ omi tí Màmá Alága ṣí tí kò tì. Ó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ohùn òun ni omi ń retí, pé ti inú fóònù kò tó o. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú kóòtù tuntun, ó gbé ẹnu sún mọ́ ẹnu ẹ̀rọ náà bí ẹni fẹ́ bá a sọ àṣírí, ó ní, "Omi! Èmi ni! Èmi tí o ti ń retí láti ìgbà tí wọ́n ti dá…"

Omi dé. Ó dé pẹ̀lú gbogbo agbára tó ti kó jọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án, ohun kan dá ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ó wọ ọ́ lẹ́nu, ó gba imú jáde, ó gbá fìlà rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ àwọn àlejò, ó sì gbé òun fúnra rẹ̀ jókòó sínú ẹrẹ̀. Ọgọ́ta òṣìṣẹ́ ń wò ó láìmira, omijé ẹ̀rín ń ṣàn lójú wọn, wọn kò sì gbọdọ̀ nù ún. Bẹ́ẹ̀ni-Sà fẹ́ gbé aṣọ ìnura wá, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Ó kàn ké láti ibi tó dúró sí pé, "Ẹ kú ìwẹ̀ o, sà!"

Nígbà tí Màmá Alága padà dé, ó wo ọ̀gá nínú ẹrẹ̀, ó wo àwọn tó dúró. Ó bi Aláàpù pé kí ló wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ní kó yọ nǹkan. Aláàpù mú fóònù ògbólógbòó kan jáde, ó fọwọ́ kan àwòrán. Ohùn náà sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjìlá, ó dákẹ́.

"Ó parí?"

"Ó parí, mà."

"Èyí ni kẹ́ ẹ gbé jáde." Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú lẹ́tà kan, ó wò ó, ó tún un ká, ó dá a padà síbi tó ti mú un. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, lẹ́tà mìíràn tí ọ̀gá gbà lọ́jọ́ kẹta kò ju ìlà mẹ́ta lọ, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni "ẹ kú ìsinmi."

Ohùn ta ni wọ́n wá ń lò? Ti Bàbá Onípáìpù ni. Òun ló ń ṣí omi, òun ló mọ ìgbà tí yóò ṣí i, kò sì ní ohun mìíràn tó fẹ́ sọ. Wọ́n dá bọ́tìnnì ìlà méjì padà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, Aláàpù lọ kí ìyá rẹ̀. Aago méje ku díẹ̀ ni ìyá fọwọ́ kan fóònù, ó gbọ́ tirẹ̀ tán, ó fi í sápò. Kò sáré, kò mí hẹlẹ. Àwọn méjèèjì jọ gbé korobá sọ̀ kalẹ̀, omi sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ń tú yàà, àwọn ará àdúgbò tò sídìí rẹ̀. Inú Aláàpù dùn débi pé ó ń bẹ̀rù kó má baà sunkún níwájú ènìyàn.

Ẹni tó wà níwájú wọn gan-an ni ọ̀gá. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ilé ńlá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òkè yẹn, ọkọ̀ iléeṣẹ́ ló máa ń gbé omi wá bá a nílé tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ náà sì ti bá ipò lọ. Ó gbé korobá rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ. Bí omi ṣe ń dún nínú rẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ènìyàn bí ogún tó dúró láìsọ̀rọ̀, tí wọ́n ń wò ó. Àyà rẹ̀ wú. Ó wú ikọ́. Ó gbé ọwọ́ kan sókè.

"Ní òwúrọ̀ tó lọ́lá báyìí," ni ó bẹ̀rẹ̀, "kí n tó…"

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ kú iṣẹ́ o," ni ìyá Aláàpù wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí kò mọ̀ ọ́n rí. "Korobá yín ti kún, ó ń dànù."

Ọ̀gá wolẹ̀. Lóòótọ́ ló ti kún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e kúrò, ìyá sì ti tirẹ̀ síbẹ̀.